Ọwọ́ Kẹta Mẹ́kúrì: Àríyànjiyàn Inú Kírísítálì Tó Kan Ẹja Inú Ọbẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú átọ̀mù méjì tí wọ́n jọ wà nínú kírísítálì kan, ìyẹn ohun líle tí àwọn átọ̀mù inú rẹ̀ tò létòlétò. Ọ̀kan jẹ́ mẹ́kúrì, ìkejì jẹ́ imí-ọjọ́, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́místírì mọ̀ sí sọ́fọ̀. Àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ 3.4 angstrom, tẹ́ ẹ bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù mẹ́wàá, ìpín kan nínú rẹ̀ ni angstrom kan. Ṣé àwọn átọ̀mù méjèèjì di ara wọn mú ni, àbí wọ́n kàn bá ara wọn ládùúgbò kan náà? Ó ti lé ní 40 ọdún tí àwọn onímọ̀ kírísítálì ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu wọn kò sì tíì kò. Láti ọdún 2020 ló tún ti gbóná sí i, nígbà tí àwọn onímọ̀ kan ní Sípéènì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fún irú ìfaramọ́ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tuntun, tí àwọn mìíràn sì ń béèrè pé kí ló dé tí a fi ń sọ ohun tí kò dá wa lójú lórúkọ.

Ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè lè rò pé àìríṣẹ́ṣe ló ń da àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láàmú. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Irú ìfaramọ́ tí kò lágbára tí wọ́n ń jà lé lórí yìí ló ń jẹ́ kí mẹ́kúrì tó bá wọ ara èèyàn lè máa ṣí kiri, láti inú ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ, láti ara ìyá dé ara oyún inú rẹ̀. A máa ń sọ̀rọ̀ bí mẹ́kúrì ṣe ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, a kì í sábà sọ bó ṣe ń kúrò lára ọ̀kan bọ́ sára òmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà.

Ọwọ́ méjì tó nà gbọnrangandan

Mẹ́kúrì ni ẹlẹ́mẹ́ńtì tó wà ní nọ́ńbà 80 lórí àtẹ àwọn ẹlẹ́mẹ́ńtì, òun sì ni irin tó máa ń ṣàn bí omi nínú yàrá lásán. Ó di ìgbà tí òtútù bá dé nǹkan bíi 39 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó dì. Tó bá so mọ́ kábọ̀nù, ọwọ́ méjì ló sábà máa ń nà: ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, lórí ìlà kan náà. Nínú dimethylmercury, fún àpẹẹrẹ, kábọ̀nù kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mẹ́kúrì wà láàárín, ìgun tí wọ́n dá sílẹ̀ sì jẹ́ 180 gééré.

Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì péré, nígbà tó jẹ́ pé síńkì, tí wọ́n jọ wà nínú ìdílé kan náà, sábà máa ń fẹ́ mẹ́rin? Ọ̀rọ̀ náà kan àlàyé Einstein nípa àwọn nǹkan tí eré wọn ń sún mọ́ ti ìmọ́lẹ̀. Kókó inú átọ̀mù mẹ́kúrì wúwo, agbára rẹ̀ sì pọ̀ débi pé àwọn ẹlẹ́kítírọ̀nù tó sún mọ́ ọn ní láti máa sáré tó fi jẹ́ pé a kò lè fojú fo ìyára ìmọ́lẹ̀ dá nínú ìṣirò wọn mọ́. Èyí ń mú kí àwọn kan lára ẹlẹ́kítírọ̀nù náà fà sún mọ́ inú, títí kan àwọn méjì tó yẹ kí mẹ́kúrì máa fi bá ará ìta dòwò pọ̀. Ó wá di ahun. Ní ọdún 2013, Peter Schwerdtfeger ní New Zealand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà ṣírò ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní kò sí ipa Einstein yìí: ibi tí mẹ́kúrì ti ń yọ́ ì bá fi nǹkan bíi 105 lórí òṣùwọ̀n Celsius ga ju bó ṣe wà yìí lọ. Ìyẹn ni pé ì bá le gbagidi lórí tábìlì yín.

Ahun yìí kan náà ni kò jẹ́ kó tètè fún ẹlòmíràn láyè lẹ́yìn tó bá ti rí alájọṣe méjì. Síbẹ̀, ìbàdí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Láàárín kábọ̀nù apá ọ̀tún àti alájọṣe apá òsì, àyè kan wà yí ká ẹ̀gbẹ́ mẹ́kúrì tí ẹlẹ́kítírọ̀nù kò bò dáadáa. Átọ̀mù èyíkéyìí tó bá ní ẹlẹ́kítírọ̀nù tó kù sílẹ̀, bí imí-ọjọ́, ọ́síjìn, náítírójìn tàbí kìlórínì, lè sún mọ́ ibẹ̀. Kò ní sún mọ́ ọn bí alájọṣe gidi, kò sì ní jìnnà bí àlejò. Nathaniel Alcock ní Yunifásítì Warwick ló ṣàkójọ irú nǹkan báyìí ní ọdún 1972 lábẹ́ orúkọ tí wọ́n ń lò títí dòní, ìsopọ̀ onípò kejì. Nínú àlàyé yìí, màá máa pè é ní ọwọ́ kẹta.

Òṣùwọ̀n ta ni?

Bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí átọ̀mù wà nínú kírísítálì kò ṣòroó sọ. Wọ́n á tan ẹ́kísíréè sí i, ìtànṣán náà á fọ́n ká di àmì tótótó, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò padà láti mọ ohun tó fọ́n ọn ká. Ibi tí mẹ́kúrì ti máa ń fayé ni àwọn oníṣẹ́ náà lára ni pé ẹlẹ́kítírọ̀nù ló ń fọ́n ẹ́kísíréè ká, mẹ́kúrì sì ní 80. Kábọ̀nù ní mẹ́fà, ọ́síjìn ní mẹ́jọ. Mẹ́kúrì á máa dán gbinrin nínú àwòrán, àwọn tó yí i ká á sì dà bí òjìji. Nínú àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ẹ máa rí i pé ibi tí mẹ́kúrì wà dá wọn lójú ṣáká, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè àṣìṣe ńlá sílẹ̀ fún kábọ̀nù. Ẹ má gbàgbé ìyẹn nígbà tẹ́ ẹ bá rí i tí ẹnì kan ń fi kírísítálì àtijọ́ jà fún ọwọ́ kẹta.

Ìjà náà gan-an dá lórí àtẹ òǹkà kan. Ní ọdún 1964, A. Bondi tẹ ìwé jáde tó sọ ibi tí etí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan dé tí kò bá so mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fún mẹ́kúrì ní 1.55 angstrom, imí-ọjọ́ ní 1.80, ọ́síjìn ní 1.52. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni pé wọ́n á ro ti átọ̀mù méjèèjì pọ̀. Tí àlàfo inú kírísítálì bá kéré sí àròpọ̀ yẹn, wọ́n á ní nǹkan ń fà wọ́n mọ́ra. Mẹ́kúrì àti imí-ọjọ́ jẹ́ 3.35. Nítorí náà, 3.4 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kò wọlé: wọ́n kàn wà nítòsí ara wọn ni.

Ó wá di ọdún 1980. Allan Canty àti Glen Deacon, àwọn ará Ọsirélíà méjì tí ọwọ́ wọn kúnjú nínú iṣẹ́ mẹ́kúrì, yẹ òkìtì kírísítálì wò, wọ́n sì sọ pé Bondi kò fún mẹ́kúrì ní àyè tó. Wọ́n ní 1.73 ló yẹ, ó tilẹ̀ lè fẹ̀ dé 2.00. Ẹ ṣírò rẹ̀ padà: 1.73 àti 1.80 jẹ́ 3.53. Kírísítálì kan náà, àlàfo 3.4 kan náà, ó ti di ọwọ́ kẹta. Ní 2013, Santiago Alvarez ní Barcelona fi àlàfo inú kírísítálì tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún tún gbogbo àtẹ náà ṣe, mẹ́kúrì tirẹ̀ sì kọjá 2. Tí a bá fi ìyẹn dájọ́, agbára káká ni a fi máa rí kírísítálì mẹ́kúrì tí kò ní ọwọ́ kẹta.

Ibi ìkówèésí tí wọ́n ti ń wá irú nǹkan báyìí ni èyí tí Olga Kennard dá sílẹ̀ ní Cambridge ní 1965, tí kírísítálì inú rẹ̀ kọjá mílíọ̀nù kan ní 2019. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè jókòó sílé rẹ̀ kó fa ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlàfo mẹ́kúrì jáde kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Èyí dára, ó sì léwu, torí pé òṣùwọ̀n tó bá wù ú ló lè fi wọ̀n ọ́n.

Ní tèmi, àròpọ̀ nìkan kò tó fi dájọ́. Nínú kírísítálì, wọ́n kó àwọn mọ́líkù jọ pẹ́kípẹ́kí. Ẹni tí wọ́n há mọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú bọ́ọ̀sì lè má mọ orúkọ rẹ. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ìlà tí ọwọ́ méjì mẹ́kúrì nà sí. Tí ọwọ́ kẹta bá jẹ́ òótọ́, ìgun kábọ̀nù, mẹ́kúrì àti imí-ọjọ́ kì í dúró sí 180 mọ́. Á tẹ̀ kúrò níwájú ẹni tó ń bọ̀. Ìsopọ̀ gidi tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì gùn díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó ṣáájú ń fi àyè sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi tó gbà wá: ṣé ìbàdí ló gbà wọlé lóòótọ́, àbí ó kàn fẹ̀gbẹ́ kan ibì kan? Àwọn kan tún máa ń yọ́ kírísítálì náà sínú omi tàbí ọtí, wọ́n á fi ẹ̀rọ NMR tó ń gbọ́ ohùn mẹ́kúrì fúnra rẹ̀ wò ó bóyá àmì ọwọ́ kẹta ṣì kù. Tó bá pòórá, kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni, àmọ́ ó fi hàn pé kò lágbára tó láti dá dúró láìsí kírísítálì.

Àpẹẹrẹ kan wà tí kò sí ẹni tó ń jà sí i. Ní 1975, Arthur Carty àti ikọ̀ rẹ̀ ní Kánádà tẹ àwòrán methylmercury, ìyẹn mẹ́kúrì tó ní kábọ̀nù lápá kan, tó so mọ́ cysteine jáde. Cysteine jẹ́ ọ̀kan lára àwọn nǹkan tí purotéènì inú ara wa fi di odidi. Mẹ́kúrì di kábọ̀nù mú ní 2.10 angstrom, ó di imí-ọjọ́ mú ní 2.35. Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn kan wà ní 2.85, láti ìrù cysteine náà, tó yọ sí mẹ́kúrì. Bondi ní 3.07 ni ààlà, Canty àti Deacon ní 3.25, ọ̀dọ̀ ẹni tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ lọ, 2.85 wọlé. Ọ́síjìn yẹn kò so mọ́ mẹ́kúrì bí imí-ọjọ́ ṣe so, àmọ́ kò ṣàdédé débẹ̀.

Orúkọ tuntun

Àwọn tó dá orúkọ tuntun sílẹ̀ ní 2020 ni Antonio Frontera àti Antonio Bauzá ní erékùṣù Mallorca, pẹ̀lú Ibon Alkorta àti José Elguero ní Madrid, àti Tiddo Mooibroek. Wọ́n pe ìfaramọ́ tí síńkì, kadímíọ̀mù àti mẹ́kúrì máa ń ṣe láìjẹ́ pé ó di ìsopọ̀ gidi ní spodium bond. Ìjọba kẹ́místírì àgbáyé, IUPAC, ti fọwọ́ sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún ìdílé mìíràn ṣáájú: ti kìlórínì àti àwọn ará rẹ̀ ní 2013, ti imí-ọjọ́ àti àwọn ará rẹ̀ ní 2019. Ẹ̀sùn tí àwọn alátakò fi kan ti mẹ́kúrì yìí ni pé irin ni mẹ́kúrì, irin sì ti ní ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ ìdarapọ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́, ìyẹn bí irin ṣe ń gba ẹlẹ́kítírọ̀nù tó kù sílẹ̀ lọ́wọ́ átọ̀mù mìíràn. Níbo ni spodium bond ti parí tí ìdarapọ̀ gidi ti bẹ̀rẹ̀? Ní 2.6 ni, àbí 2.9, àbí 3.1? Kò sí ògiri níbẹ̀. Láti 2.35 dé 3.5, gbogbo àlàfo tó wà láàárín ni ẹ máa rí nínú ilé ìkówèésí Cambridge, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì láìsí àyè tó ṣófo.

Àìsí ògiri yìí ni wọ́n ń pè ní ìṣòro. Lójú tèmi, òun ni ìdáhùn. Ní àwọn ọdún 1970, Hans-Beat Bürgi àti Jack Dunitz ní Zürich dá ọgbọ́n kan: ẹ má wo kírísítálì kọ̀ọ̀kan bí nǹkan tó dá dúró, ẹ tò wọ́n tẹ̀ léra láti ibi tí àlejò ti jìnnà jù dé ibi tó ti sún mọ́ jù, ẹ máa rí ọ̀nà tí átọ̀mù kan ń gbà wọlé tí òmíràn ń gbà jáde. Bürgi tilẹ̀ fi kadímíọ̀mù, àbúrò mẹ́kúrì, ṣe é ní 1973. Kírísítálì tó ní 3.4 ni ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò. Èyí tó ní 2.85 ti rìn dé àárín. Ẹni tó ń bi wọ́n pé èwo nínú wọn ló jẹ́ ìsopọ̀ ń béèrè ibi tí ọ̀nà Ìbàdàn ti di ọ̀nà Èkó.

Ẹ jẹ́ kí n sáré mẹ́nu ba ohun kan kí n tó kúrò nínú kírísítálì. Ọwọ́ kẹta kan ṣoṣo kò lágbára, àmọ́ tí wọ́n bá kó mẹ́kúrì púpọ̀ jọ sójú kan, ó ń di nǹkan ńlá. Ní 1991, Frederick Hawthorne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kalifóníà to mẹ́kúrì mẹ́rin yípo, kìlórínì kan sì jókòó sáàárín gbọngan, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì nawọ́ sí i. Àwọn mìíràn ti to mẹ́kúrì mẹ́ta pọ̀ pẹ̀lú kábọ̀nù àti fulorínì, ó sì ń gba kìlórínì, ó tilẹ̀ ń gba benzene, mọ́líkù tí kò ní ẹlẹ́kítírọ̀nù tó kù sílẹ̀ bíi ti kìlórínì. Iṣẹ́ aláràbarà ni, mo kàn ní kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó wà.

Bó ṣe ń ṣí kiri nínú ara

Methylmercury ló wà nínú ẹja. Kábọ̀nù kan wà lápá kan, ọwọ́ kejì sì ń wá imí-ọjọ́ kiri. Imí-ọjọ́ kò sì wọ́n nínú ara ẹ̀dá: cysteine kún inú purotéènì, ó kún inú irun, ìdí nìyí tí àwọn oníwádìí fi máa ń gé irun orí èèyàn láti mọ iye ẹja olóró tó ti jẹ. Ní 2003, Hugh Harris, Ingrid Pickering àti Graham George fi ìtànṣán wo ẹran ara ẹja òkun, wọ́n rí i pé mẹ́kúrì inú rẹ̀ so mọ́ imí-ọjọ́ bíi ti cysteine. Kò rí bíi methylmercury chloride, èyí tí wọ́n ti máa ń lò nínú yàrá ìwádìí láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìsopọ̀ mẹ́kúrì mọ́ imí-ọjọ́ yìí lágbára púpọ̀. Tí wọ́n bá dà á sínú omi tí cysteine wà, kò ní wo ẹlòmíràn lójú. Ẹ máa rò pé tó bá ti dì mọ́ purotéènì kan, ibẹ̀ ló máa kú sí. Dallas Rabenstein ní Alberta, ní Kánádà, fi ẹ̀rọ NMR wò ó ní àwọn ọdún 1970, ó sì rí òdìkejì: methylmercury ń fo láti orí imí-ọjọ́ kan sí òmíràn ní ìyára tí ojú kò lè tẹ̀ lé. Báwo ni nǹkan ṣe lè lágbára tó bẹ́ẹ̀ kó sì máa yá tó bẹ́ẹ̀? Ọwọ́ kẹta ni. Imí-ọjọ́ tuntun á gba ìbàdí wọlé, á jìnnà ní 3.4, á sún mọ́ 3.0, á dé 2.6, ìlà á tẹ̀, èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, á já. Kò sí ìṣẹ́jú àáyá kan tí mẹ́kúrì wà lóun nìkan. Ká ní ó ní láti kọ́kọ́ já kúrò kó tó wá alájọṣe tuntun, agbára tó máa ná an kò ní jẹ́ kó kúrò lójú kan, ara ì bá sì rọ̀ ọ́n mọ́ ibi tó ti kọ́kọ́ dúró.

Bó ṣe ń bọ́ sínú ọpọlọ nìyẹn. Ó máa ń so mọ́ cysteine kékeré, irinṣẹ́ tó ń gbé oúnjẹ wọ ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní LAT1, á sì gbé e kọjá. Wọ́n ti máa ń ṣàlàyé fún wa pé ó ń ṣe bí methionine, ọ̀kan nínú oúnjẹ tí LAT1 mọ̀ dunjú. Ní 2006, ikọ̀ George tún kírísítálì wọn yẹ̀ wò, wọ́n ní àwọn méjèèjì kò jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀, torí pé mẹ́kúrì nà gbọnrangandan níbi tí methionine ti tẹ̀. Èmi gbà pẹ̀lú wọn. Ohun tó bá wọlé kò fi dandan jẹ́ pé ó jọ onílé.

Aráyé ti san owó ẹ̀kọ́ yìí. Ní Minamata, ní Japan, ilé iṣẹ́ Chisso da omi ìdọ̀tí tí methylmercury wà nínú rẹ̀ sínú òkun láti 1932 títí di 1968. Ọdún 1956 ni wọ́n kéde àìsàn náà fún ìjọba. Ní Ìráàkì, ní 1971 sí 1972, wọ́n fi irúgbìn àlìkámà tí wọ́n ti fi òògùn mẹ́kúrì pa kòkòrò lára rẹ̀ ṣe búrẹ́dì: èèyàn 6,530 ló dé ilé ìwòsàn, 459 nínú wọn sì kú síbẹ̀.

Ti Karen Wetterhahn kan àwọn oníkẹ́místírì gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Dartmouth, ní Amẹ́ríkà. Ní August 1996, ó ń lo dimethylmercury láti fi ṣe òṣùwọ̀n fún ẹ̀rọ NMR mẹ́kúrì, ẹ̀rọ tí mo sọ lókè pé wọ́n fi ń wá ọwọ́ kẹta kiri. Ẹ̀kán díẹ̀ kán sórí ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀. Ó kú ní June 1997. Kábọ̀nù ló wà ní ọwọ́ méjèèjì dimethylmercury, kábọ̀nù kì í sì í fa ẹlẹ́kítírọ̀nù lọ́wọ́ mẹ́kúrì tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí ìbàdí rẹ̀ kì í fi wu ẹnikẹ́ni. Kò lẹ̀ mọ́ nǹkan, ó ń fẹ́ lọ bí èéfín, ó sì gba inú rọ́bà kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Inú ara ló ti já kábọ̀nù kan sílẹ̀ tó di methylmercury, tó wá rí ẹni dì mú.

Ohun tí bakitéríà mọ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí dùn sí mi jù ni pé bakitéríà ti yanjú rẹ̀. Àwọn kan wà tó ń gbé níbi tí mẹ́kúrì pọ̀ sí, tí wọ́n ní ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ kẹ́místírì, tó ń jẹ́ MerB. Ó lè já mẹ́kúrì kúrò lára kábọ̀nù. Iṣẹ́ ńlá ni, torí pé ìsopọ̀ yẹn lè wà nínú omi fún ìgbà pípẹ́ láìyẹsẹ̀. Cysteine méjì wà nínú MerB, wọ́n kọjú sí ara wọn. Ọ̀kan á dì mọ́ mẹ́kúrì, èkejì á sì gba ìbàdí wọlé. Lójijì, kábọ̀nù tó ti ń fọwọ́ sọ̀yà á di ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ní 2007, Jonathan Melnick àti Gerard Parkin ní Yunifásítì Columbia ní New York kọ́ mọ́líkù kan tó fara wé e. Imí-ọjọ́ mẹ́ta ló ní. Nínú kírísítálì, mẹ́kúrì di ọ̀kan péré mú, ó nà gbọnrangandan bó ṣe máa ń ṣe, ẹni tó bá wò ó lásán á ní kò sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjì yòókù wà nítòsí tí wọ́n lè dá sí i. Wọ́n fi ásíìdì tí kò le sí i nínú yàrá lásán, kábọ̀nù sì já. Àwọn tí kò ní irú imí-ọjọ́ aládùúgbò bẹ́ẹ̀ kì í já pẹ̀lú ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín tí ẹnì kan bá ní ìfaramọ́ tí kò lágbára kò ṣe nǹkan kan.

Sẹlẹ́níọ̀mù, ọmọ ìyá imí-ọjọ́, tún mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ. Govindasamy Mugesh àti ikọ̀ rẹ̀ ní Bangalore, ní Íńdíà, ti lo àwọn mọ́líkù sẹlẹ́níọ̀mù láti já methylmercury. Nínú ẹ̀dọ̀ àwọn ẹyẹ òkun kan àti erinmi òkun, mẹ́kúrì àti sẹlẹ́níọ̀mù ti para pọ̀ di ẹyọ òkúta kékeré tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára mọ́.

Ní ilé wa

Ní ti Nàìjíríà, mẹ́kúrì mẹ́ta ni a ní láti yà sọ́tọ̀, torí pé a sábà máa ń pò wọ́n pọ̀. Àwọn ọṣẹ àti ìpara kan tí wọ́n fi ń bóra ní mẹ́kúrì tí kò ní kábọ̀nù lára. Kíndìnrín ló sábà máa ń bá jà. Nàìjíríà di ọ̀kan lára àwọn orílẹ̀-èdè inú Àdéhùn Minamata, àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì, ní 2018, ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ ní Geneva ní 2023 sì pinnu pé gbogbo ìpara tí wọ́n fi mẹ́kúrì sí gbọ́dọ̀ dópin ní 2025, kódà bó ṣe kékeré báwo. Àdéhùn dára. Ọjà Bálógùn kò ka ìwé àdéhùn.

Èkejì ni mẹ́kúrì olómi tí àwọn awakùsà góòlù ń lò. Wọ́n á pò ó mọ́ yanrìn, á mú góòlù, wọ́n á wá yan án lórí iná kí mẹ́kúrì fẹ́ lọ. Ìròyìn UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí àyíká, ní 2018 sọ pé iṣẹ́ góòlù kéékèèké bẹ́ẹ̀ ló ń tú nǹkan bíi ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún mẹ́kúrì tí ọmọ èèyàn ń tú sínú afẹ́fẹ́. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, iṣẹ́ góòlù ti sọ odò Ọ̀ṣun di pupa bí omi ẹrẹ̀, débi pé ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá sí ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo pé kí wọ́n má mu omi náà.

Ẹ̀kẹta ni methylmercury, kò sì sí ẹni tó ń rà á. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò ló ń ṣe é. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, bakitéríà kan ń gba mẹ́kúrì tó rì síbẹ̀, wọ́n á fi kábọ̀nù lé e lórí. Ní 2013 ni wọ́n rí àbùdá méjì tí wọ́n fi ń ṣe é, hgcA àti hgcB. Kòkòrò á jẹ bakitéríà, ẹja kékeré á jẹ kòkòrò, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, ohun tó wọnú àwo oúnjẹ níkẹyìn á ti pọ̀ ju ti omi lọ fíìfíì. Ẹni tó bá yẹ omi odò wò tó ní òun kò rí mẹ́kúrì púpọ̀ níbẹ̀ kò tíì yẹ ẹja wò.

Ní ti ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ náà tún padà sí ìgun 180. Oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí mẹ́kúrì wọ̀ lára jù ni DMSA àti DMPS. Wọ́n ní imí-ọjọ́ méjì lára, wọ́n sì ti rò fún ìgbà pípẹ́ pé méjèèjì ló ń pa pọ̀ di mẹ́kúrì kan ṣoṣo mú. Ní 2004, George àti Pickering fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Imí-ọjọ́ méjèèjì sún mọ́ ara wọn jù. Mẹ́kúrì fẹ́ ọ̀kan ní ọ̀tún àti ọ̀kan ní òsì lórí ìlà kan náà, apá oògùn náà kò sì gùn tó láti yí i ká. Oògùn mìíràn tí wọ́n ń pè ní NBMI, tí apá rẹ̀ gùn ju tiwọn lọ, ti dé ọ̀dọ̀ àwọn awakùsà góòlù ní Ecuador fún ìdánwò. Àwọn tó ń ya oògùn tuntun lórí kọ̀ǹpútà ti mọ bí wọ́n ṣe máa jẹ́ kí ọwọ́ méjì nà dáadáa. Ibi tí wọ́n máa fi ẹ̀kẹta sí, ní 2.8 ni àbí 3.1, ọ́síjìn ni àbí náítírójìn, inú àwọn kírísítálì tí wọ́n ṣì ń jà lé lórí yẹn ni wọ́n ti ń wá a.